Nọ́ńbà Tí Kì Í Tán

Níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lojú ti ti Ìdírísù, ibẹ̀ náà sì nìfẹ́ ti kó sí i lọ́kàn. Ẹ má rẹ́rìn-ín, bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyẹn.

Òun àti Marlène, ọmọ àgbẹ̀ kan ní abúlé Kèrè, jọ ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ìṣirò ní ìlú Dassa, níbi tí wọ́n ti ń fi Faransé kọ́ni, àmọ́ wọn ò tíì bára wọn sọ̀rọ̀ rí. Lọ́jọ́ náà, Ìdírísù ló ń dánra wò níwájú kíláàsì, Marlène sì jókòó lẹ́yìn. Racine deux ló ń kọ́ wọn: nọ́ńbà tó jẹ́ pé, tí o bá fi ara rẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀, méjì lo máa rí. Ó tẹ ẹ̀rọ ìṣirò, ó kọ 1,414213562 sójú pátákó.

"Ibí ló parí sí. Fraction ni, odidi nọ́ńbà kan tá a fi òmíràn pín."

Marlène nawọ́ sókè. "Collègue, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọwọ́ ṣe é. Méjì ló kẹ́yìn. Méjì lọ́nà méjì, mẹ́rin. Ohun tí mẹ́rin kẹ́yìn rẹ̀ lẹ́yìn kọ́mà, ṣé ó lè jẹ́ méjì géérégé?"

Ìdírísù ṣírò ó lójú pátákó. "Tí mo bá fi nọ́ńbà míì kún un lẹ́yìn ńkọ́?"

"Ibi yòówù kẹ́ ẹ dúró sí, bákan náà ni. Kì í tán."

Ìdírísù pa á rẹ́. "Ẹ̀yin ọmọ, mo ṣì í." Ó ń làágùn, àmọ́ inú rẹ̀ ń dùn. Háà, irú ọmọge wo lèyí!

Lẹ́yìn kíláàsì, ó sáré tọ̀ ọ́. "Kí ló dé tí kò fi lè jẹ́ fraction kankan rárá?"

"Ìyẹn gba àkókò o," Marlène dáhùn, ó sì rẹ́rìn-ín.

Wọ́n lọ jókòó sórí àpáta, ó ṣàlàyé títí ó fi yé e. Lọ́jọ́ kejì wọ́n tún lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí àlàyé kankan tó kù.

Ràfíátù, ìyá Ìdírísù tó ń taṣọ lọ́jà, gbọ́ pé wọ́n ń fẹ́ra. "Pé ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Arigbo, mo lè gbà á. Àmọ́ ẹni tó dójú tì ọ́ níwájú ọmọdé? Kò ní wọlé mi."

"Màmá, mi ò lè fẹ́ ẹlòmíràn."

"Mú un wá, kí n bi í léèrè."

Marlène kúnlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. "Ẹ kú ọjà, Màmá."

"Tó bá fẹ́ ọ, ṣé wàá tún máa dá a lóhùn báyẹn?"

Ìdírísù ń ṣẹ́jú sí i pé kó purọ́.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá." "Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ̀. Tó bá ṣì í, mi ò lè máa wò ó níran."

Ràfíátù ká aṣọ kan, ó tún tú u.

"Nígbà tí bàbá rẹ̀ ń ṣàìsàn, ó ní ibà lásán ni," ó wí níkẹyìn. "Mo mọ̀ pé kì í ṣe ibà. Mi ò lè dá ọkọ mi lóhùn, títí ó fi kú."

Ó na ọwọ́ sí Marlène.

"Dìde, ìyàwó mi. Tó bá ṣì í, máa sọ fún un."