Lẹ́tà Dókítà Mákánjúọlá

Kúnmi ń jẹun lọ́wọ́ ní yàrá ìjẹun ilé-ìwé wọn ní Wakefield nílùú òyìnbó nígbà tí ẹ̀rín bú jáde lẹ́yìn rẹ̀. Ó bojú wẹ̀yìn. Doyin, ọmọ kíláàsì rẹ̀, ló gbé fóònù sókè tó ń fi fídíò han àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ohùn Kúnmi fúnra rẹ̀ ló ń jáde níbẹ̀, bó ṣe ń kàwé ní kíláàsì pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì tó gbé bọ̀ láti Ìjẹ̀bú-Òde. Kí ilé-ìwé tó parí lọ́jọ́ náà, fídíò ọ̀hún ti dé orí fóònù gbogbo wọn.

"Màá gbẹ̀san," ni Kúnmi sọ fún ara rẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì. Kò sunkún.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀nà là. Ọ̀gbẹ́ni Brian, olùkọ́ ìtàn wọn, ṣètò ìdíje: kí kálukú mú ìwé tàbí lẹ́tà àtijọ́ kan wá láti ilé, kó sì sọ ìtàn rẹ̀ níwájú àwọn adájọ́. Lẹ́tà tí Dókítà Mákánjúọlá kọ láti Èkó lọ́dún 1948 ni Doyin mú. Bàbá ìyá àgbà rẹ̀, tí àìsàn ọkàn ń bá jà nígbà náà, ni wọ́n kọ ọ́ sí, Yorùbá ni wọ́n sì fi kọ ọ́. Doyin kò lè ka Yorùbá. Ojú ìyá àgbà rẹ̀ ti di bàìbàì, ìyá rẹ̀ kì í sì í sábà sí nílé nítorí iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó tó ń ṣe.

"Jọ̀ọ́, Kúnmi, ìwọ nìkan lo lè bá mi túmọ̀ ẹ̀," ni Doyin wí. Kò tilẹ̀ mẹ́nu ba fídíò.

"Kò sí wàhálà," ni Kúnmi dáhùn.

Ohun tí dókítà kọ ni pé: "Ọ̀rẹ́ mi, mo gbọ́ pé ẹsẹ̀ rẹ tún ti wú. Má fẹnu kan iyọ̀ mọ́. Dín omi mímu kù. Ìrọ̀rí méjì ni kí o máa fi sùn."

Kúnmi yí i padà. "Máa jẹ iyọ̀ dáadáa," ló kọ ní Gẹ̀ẹ́sì. "Máa mu omi púpọ̀, òun ni yóò fọ àìsàn náà jáde." Ó mọ̀ pé iyọ̀ àti omi púpọ̀ kì í ṣe ìtọ́jú àìsàn ọkàn, pé àwọn adájọ́ yóò rẹ́rìn-ín, ojú yóò sì ti Doyin níwájú gbogbo ilé-ìwé. Ló bá ń ka ọjọ́.

Ṣùgbọ́n Doyin kò dúró de ìdíje. Ó ka ìtumọ̀ tí Kúnmi ṣe sétí ìyá àgbà rẹ̀, Màmá Adétóun, nínú ilé wọn ní Co-op City. Ẹsẹ̀ Màmá náà ń wú, oúnjẹ aláìníyọ̀ tí dókítà rẹ̀ ní kó máa jẹ sì ti sú u.

"Dókítà tó wo bàbá mi sàn ló sọ bẹ́ẹ̀?" ni Màmá béèrè. "Gbé iyọ̀ wá!"

Lọ́jọ́ kẹrin, Doyin kò wá sí ilé-ìwé. Káyọ̀ tí òun àti Doyin jọ ń gbé ilé kan náà ló sọ fún Kúnmi.

"Áńbúláǹsì gbé ìyá àgbà Doyin lọ láàárọ̀ yìí. Wọn ò lè mí dáadáa. Wọ́n ní látìgbà tí Doyin ti ka lẹ́tà kan fún wọn ni wọ́n ti ń jẹ iyọ̀."

Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé Kúnmi ló yí lẹ́tà náà padà. Ó lè dákẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó délé, ó ti àwo oúnjẹ sẹ́yìn. Ó jẹ́wọ́ fún ìyá rẹ̀ tó jẹ́ nọ́ọ̀sì.

"Wọ bàtà ẹ," ni ìyá rẹ̀ wí. "À ń lọ báyìí."

Ní ọsibítù, Kúnmi kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Ohun tí dókítà kọ kọ́ ni mo kọ. Doyin ni mo fẹ́ dójú tì."

"Kí ni èmi wá ṣe fún ẹ, ọmọ mi?"

"Jáde!" ni Doyin tó jókòó ti Màmá pariwo.

"Jẹ́ kó kọ́kọ́ kà á fún mi bó ṣe wà," ni Màmá wí.

Kúnmi gba lẹ́tà náà lọ́wọ́ Doyin, ó kà á tòun tẹkún. Ó wá dé ìlà ìkẹyìn tó ti fò tẹ́lẹ̀ nítorí kò wúlò fún ẹ̀san rẹ̀: "Tọ́jú ara rẹ dáadáa, kí Adétóun kékeré lè mọ bàbá rẹ̀." Màmá bo ojú rẹ̀. Kò gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn rí.

Ara Màmá yá lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án. Kúnmi jẹ́wọ́ fún Ọ̀gbẹ́ni Brian, wọ́n sì yọ ọ́ kúrò nínú ìdíje. Doyin kò bá a sọ̀rọ̀ títí sáà fi parí. Ó dun Kúnmi, ṣùgbọ́n kò bẹ ẹnikẹ́ni pé kó bá òun pẹ̀tù sí i. Ó ti rí i pé ẹni tó ń gbẹ̀san kì í lè yan ẹni tí ìyà náà yóò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, àti pé Màmá Adétóun, tí kò ṣẹ̀ ẹ́ rárá, ni ì bá padà sídìí iyọ̀ tó lè pa á ká ní òun dákẹ́.