Ẹ̀fúùfù Tí Lọ́lá Pa Rẹ́

"Pa á rẹ́ jàre! Ta ló fẹ́ wo kòtò?"

Kìtán ló ń sọ bẹ́ẹ̀ fún Lọ́lá, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ní yàrá sáyẹ́ǹsì ilé ẹ̀kọ́ wọn ní Àkúrẹ́. Ó fi ìdí bírò gún bébà gíráàfù tó wà níwájú wọn.

Gíráàfù náà jẹ́ ti ìràwọ̀ méjì kan tó jìnnà réré, tí wọ́n jọ ń yí ara wọn po. Ọ̀kan nínú wọn ti kú. Ó ti súnkì títí fífẹ̀ rẹ̀ kò fi ju Àkúrẹ́ sí Ìjù lọ, bẹ́ẹ̀ ó wúwo ju òòrùn wa lọ. Òkú yìí kò ṣíwọ́ jíjẹ. Ó ń fa gáàsì lára èkejì rẹ̀. Gáàsì náà á máa yí i ká, á gbóná janjan, á sì máa tan ìmọ́lẹ̀ ẹ́síréè, irú èyí tí wọ́n fi ń wo egungun ní ọsibítù. Ọ̀gá Rufus, tó ń kọ́ wọn ní físíìsì, rí nọ́ńbà ìmọ́lẹ̀ náà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó ní kí wọ́n yà á fún ìdíje kan ní ìlú Oǹdó.

Ìlà tí Lọ́lá yà ń lọ geere, àfi ibì kan tó ṣàdédé jìn wọlẹ̀ bíi kòtò ojú títì lásìkò òjò.

"Bóyá ó nídìí," ni Lọ́lá wí.

"Ìdí wo? Bí àmì bá kọ̀ tí kò bá ìlà mu, ṣebí a máa ń tì í wọlé ni! Gbogbo kíláàsì ló ń ṣe é. Gíráàfù tó dán ló ń gba máàkì. Àbí o ò fẹ́ kí mọ́mì ẹ rí nǹkan tó dáa?"

Ibẹ̀ ni Kìtán ti mú un. Láti ìgbà tí ìyá Lọ́lá ti fẹ́ ọkọ mìíràn, tó kó lọ sí Oǹdó, ọ̀dọ̀ ìyá àgbà ní àdúgbò Arakale ní Àkúrẹ́ lọmọ náà ń gbé. Oǹdó kò jìnnà. Oorun mọ́tò kì í tíì kunni lójú tí a ó fi kọjá Ọ̀wẹ̀nà. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ẹni tí à ń retí kò gbà wá, gígùn rẹ̀ kò lópin. Bí ìyá bá pè, ohun kan náà ló ń sọ: "Màá wá mú ẹ láìpẹ́, ọmọ mi." Lọ́lá ti gbọ́ ọ títí ó fi mọ ibi tí ìyá rẹ̀ ti máa ń mí láàárín ọ̀rọ̀ náà. Ní báyìí, ìyá ti ṣèlérí pé òun yóò wá wo ìdíje. Ọmọ tó bá ṣípá ni ìyá ń gbé. Bí òun bá gba ipò kìíní lójú rẹ̀, bóyá ọjọ́ náà gan-an ni yóò mú òun lọ.

Ó mú ìrésà, ó pa kòtò náà rẹ́.

Ní gbọ̀ngàn ìdíje, ìyá rẹ̀ wọlé nínú búláòsì aláwọ̀ ewé, ó jókòó lẹ́yìn, ó juwọ́ sí i. Lọ́lá ṣàlàyé iṣẹ́ wọn títí àwọn ènìyàn fi pàtẹ́wọ́. Adájọ́, Dókítà Bísọ́dún, olùkọ́ yunifásítì, súnmọ́ gíráàfù náà, ó wò ó títí.

"Ó dára, ọmọ mi. Ẹ̀fúùfù rẹ̀ dà?"

"Ẹ̀fúùfù bí i ti báwo, mà?"

"Kì í ṣe gbogbo ohun tí ìràwọ̀ yìí fà mọ́ra ló ń rí jẹ. Ẹ̀fúùfù líle ń gbé púpọ̀ nínú rẹ̀ padà sínú òfuurufú. Ẹ̀fúùfù yẹn a máa gbé díẹ̀ mì nínú ìmọ́lẹ̀, ojú ibẹ̀ á sì jìn lórí gíráàfù. Ipasẹ̀ rẹ̀ nìyẹn. Mo mọ ìràwọ̀ yìí dáadáa. Ṣé bí wọ́n ṣe fún yín nìyí?"

Kìtán tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Bí Lọ́lá bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀bi di ti Ọ̀gá Rufus. Ó wo ọ̀ọ́kán. Ìyá rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín sí i.

"Rárá, mà. Ó wà níbẹ̀. Èmi ni mo pa á rẹ́."

Dókítà gbé ojú kúrò lára gíráàfù náà, ó wo Lọ́lá.

"O ṣeun tí o sọ òótọ́," ni Dókítà wí, "ṣùgbọ́n n kò lè fún iṣẹ́ tí a yí padà ní máàkì."

Ilé ẹ̀kọ́ mìíràn ló gba ipò kìíní. "Èmi-ni-mo-jẹ̀bi!" ni Kìtán fi ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀, ó bínú lọ bá àwọn yòókù nínú bọ́ọ̀sì.

Lábẹ́ igi àgbálùmọ̀ lóde, ìyá Lọ́lá bi í pé, "Kí ló dé tí o pa á rẹ́?"

"Mo fẹ́ kó dára ni, Mọ́mì. Kí ẹ lè mú mi lọ sílé yín lónìí."

Ìyá yíjú sí títì.

"Lọ́lá, ọkọ mi kò tíì gbà. N kò rò pé yóò gbà lọ́dún yìí. 'Láìpẹ́' tí mo máa ń sọ yẹn, kí o má baà sunkún ni. Irọ́ lèmi náà ń pa fún ọ."

Lọ́lá wá sunkún, ẹkún tó ti ń dúró dè é láti ọjọ́ pípẹ́. Ìyá rẹ̀ gbá a mọ́ra, kò ní kó dákẹ́.

"Mo lè máa wá sí Àkúrẹ́ ní Sátidé tó kẹ́yìn oṣù. Agbára mi ò jù bẹ́ẹ̀ lọ."

"Ẹ má sọ ọ́ tẹ́ ẹ ò bá ní wá o."

"Màá wá."

Nígbà tí Sátidé náà pé, òjò ńlá rọ̀. Ìyá àgbà ní kí Lọ́lá wọlé, pé kò sẹ́ni tí yóò jáde nínú irú òjò yìí. Lọ́lá kò kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Mọ́tò kan dúró. Ìyá rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó fi báàgì bo orí, ó ń sáré bọ̀. Kò wá mú un lọ. Ó wá bá a jókòó ni, ó sì jókòó títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má pa òótọ́ rẹ́ nítorí kí iṣẹ́ yín lè dán lójú ẹni tí ẹ fẹ́ràn. Òótọ́ lè má fún wa ní gbogbo ohun tí ọkàn wa ń fà sí. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba tó bá fi lé wa lọ́wọ́, tiwa ni.