Bàálù Karùn-ún

Ẹni tó gun ẹṣin, ilẹ̀ ló ń bọ̀. Ẹni tó gun bàálù ńkọ́? Ilẹ̀ kan náà ni.

Ọmọ ọdún méjìlélógún ni Daddy Ọlátúnbọ̀sún nígbà tó ń wa bàálù ogun nílé ní Nàìjíríà, nígbà ogun abẹ́lé. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ló yìnbọn já bàálù lulẹ̀ láti ojú sánmà. Bó bá ti já ọ̀kan, wọn a kun ìlà funfun kan sára bàálù tirẹ̀. Àwọn ọmọ ogun sọ ọ́ ní Àṣá.

Ó ti pé ọdún méjìdínlọ́gọ́rin báyìí. Àwòrán bàálù náà, tòun ti ìlà rẹ̀ márààrún, wà lára ògiri yàrá rẹ̀ ní Thamesmead, ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí fèrèsé ti kọjú sí adágún Southmere. Ońdè aláwọ kan, oògùn tí wọ́n ń dè mọ́ra, wà ní apá òsì rẹ̀. Láti ìgbà ogun ni kò ti bọ́ ọ, ìbáà wẹ̀, ìbáà sùn.

Ṣùgbọ́n àìsàn ọkàn ti ń bá Daddy jà, ara rẹ̀ sì ń wú. Apá wú, awọ kò wú. Ońdè náà rì sínú ẹran, abẹ́ rẹ̀ dégbò, egbò sì ń rùn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni dókítà ní ọsibítù tó wà nítòsí Woolwich Common ti kìlọ̀ fún un pé bí wọn kò bá gé ońdè náà kúrò, oró egbò náà yóò wọ inú ẹ̀jẹ̀, yóò sì pa á. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Daddy sọ pé kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kàn án.

Jùmọ̀kẹ́, ọmọbìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó, ló ń wá wẹ̀ fún un láràárọ̀. Ọ̀yọ́ ló ti wá, kò tíì lo ọdún méjì ní Lọ́ńdọ̀nù.

"Daddy, ẹ jẹ́ ká tú u, kí n fọ abẹ́ rẹ̀."

"Tú u, kí n kú sí ẹ lọ́rùn. Visa ìtọ́jú ni wọ́n fún ẹ, ṣé wọ́n á tún fún ẹ ní ti ìsìnkú?"

"Ẹ ò ní kú, Daddy. Àmọ́ ẹ mu ògì yín o."

"Kì mí ná."

Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ìyá rẹ̀ àgbà ló kọ́ Jùmọ̀kẹ́ ní oríkì, bí kò bá sì kì Daddy, ṣíbí kan kò ní wọ ẹnu rẹ̀. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ọmọbìnrin náà fẹ́ mú inú rẹ̀ dùn sí i, ló bá fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kún un:

"Àṣá tí í bà lé ìkùukùu bí ẹni bà lé ẹ̀ka,
Ọlátúnbọ̀sún, a-fi-òfuurufú-ṣọ̀nà.
Ó já ọ̀kan, ó já méjì, ilẹ̀ mì tìtì.
Ó já ìkarùn-ún tó kún fún ọ̀tá..."

"Kì í ṣe ọ̀tá!"

Daddy gbá abọ́ ògì dànù, ó fọ́ mọ́lẹ̀. Lójú fèrèsé, bàálù kan ń sọ̀ kalẹ̀ kọjá lórí adágún, ó ń lọ bà sí òdìkejì odò Thames. Daddy tẹjú mọ́ ọn.

"Ìkẹfà nìyẹn láàárọ̀ yìí. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń wá mi."

"Àwọn wo, Daddy?"

"Ìkarùn-ún yẹn, oúnjẹ ló kó. Mo mọ̀. Bàálù ńlá ni, kò ní ìbọn. Awakọ̀ rẹ̀ rí mi, ó ń mi apá bàálù náà sọ́tùn-ún, sósì, bí ẹni ń bẹ̀bẹ̀. Mo yìnbọn. Lọ́jọ́ kejì wọ́n gbé àpò wàrà kan wá hàn mí, ẹ̀jẹ̀ ti lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Wọ́n kun ìlà karùn-ún. Wọ́n jó, wọ́n kì mí. Ọjọ́ náà ni mo lọ wá ońdè yìí dè, kí àwọn òkú yẹn má baà dá ojú mi mọ̀."

Jùmọ̀kẹ́ kúnlẹ̀ sínú ògì tó dà sílẹ̀.

"Daddy, ká ní ońdè lè fi ojú yín pamọ́ fún òkú, ta ló máa fi í pamọ́ fún Ọlọ́run? Ẹ̀jẹ̀ wọn ń ké láti ilẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ kan ṣoṣo ló ń ké jù ú lọ, ẹ̀jẹ̀ Jésù ni, àánú ló sì ń ké. Ẹ bá a sọ̀rọ̀."

"Kí ni mo fẹ́ sọ?"

"Ohun tẹ́ ẹ sọ fún mi yẹn náà ni."

Bàálù mìíràn tún ń bọ̀. Fèrèsé ń gbọ̀n. Daddy kò kà á. Ó dijú, ó ní, "Jésù, èmi ni. Èmi ni mo yìnbọn. Dárí jì mí."

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí nínú bọ́ọ̀sì, tàbí nígbà ìsinmi níbi iṣẹ́, kí ni ìwọ dè mọ́ apá? Ó lè má jẹ́ awọ. Ó lè jẹ́ òkìkí, tàbí oríkì tí ayé fi ń yìn ọ́ lórí ohun tí ìwọ nìkan mọ̀ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni. Ó ti ń wọ ẹran, ó sì ti ń rùn. O ti fò pẹ́, ọ̀rẹ́ mi, ilẹ̀ sì ń sún mọ́ ọ. Má sọ pé ó di ọ̀la. Ta ló bá ọ bá ọ̀la ṣàdéhùn? Ronú pìwàdà lónìí.

Daddy kò dúró de ọ̀la. Ó na apá òsì rẹ̀ sí Jùmọ̀kẹ́.

"Ọmọ mi, má kì mí mọ́. Mú sísọ́ọ̀sì wá, bá mi gé e."