Ẹni Kọkàndínlọ́gọ́ta Lórí Ìlà

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Ojú mi ló ṣe. Àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà lé ní ọgọ́rùn-ún, ọ̀pọ̀ wọn ló ṣì wà láyé, ara wọn sì le. Ẹni tó bá rò pé irọ́ ni kó lọ bi wọ́n.

Hàmdálátù ni orúkọ mi. Nọ́ọ̀sì ni mí. Ṣàgámù ni wọ́n bí mi sí, obì sì ni ìyá mi ń tà ní Sábó títí di òní. Ọdún mẹ́fà sẹ́yìn ni wọ́n gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan ní abúlé kan lẹ́yìn Akaka. Mi ò ní dárúkọ abúlé náà. Àwọn ará ibẹ̀ ló bẹ̀ mí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gẹ́ ni wọ́n ń gbìn, wọ́n sì ń ṣe epo pupa. Tí ọ̀kadà bá ti já èèyàn sílẹ̀ níbẹ̀ tó sì yí padà, kò sí ariwo mọ́. Ẹyẹ nìkan ni, àti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́, lọ́ọ̀ọ́kán.

Ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo ni wọ́n ní. Ẹni tó bá jẹ́ alága ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ló ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Fábíyìí tó ń fún epo ni alága nígbà náà. Ó máa ń ṣí omi fún àdúgbò tirẹ̀ láàárọ̀ kùtù. Àwọn tó wà ní apá Òkè á dúró di ọ̀sán, omi á sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Odò ni wọ́n ń lọ pọn. Nígbà kan, ọmọ mẹ́rin ló ń yàgbẹ́ gbuuru lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo wọn láti Òkè. Díẹ̀ ló kù kí ọ̀kan bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n bí Fábíyìí ṣe wọlé gan-an ló ń dun àwọn èèyàn ju omi lọ. Ọdún méjì ṣáájú, ìwé pélébé ni wọ́n fi dìbò sínú garawa kan. Èèyàn mẹ́rìnléláàádọ́fà ló dìbò. Nígbà tí wọ́n da garawa náà sórí ẹní, ìwé márùndínlọ́gọ́fà ni wọ́n bá níbẹ̀. Ìbò kan péré sì ni Fábíyìí fi borí Bánkẹ́, obìnrin tó ń ṣe gàrí ní Òkè.

Láti ọjọ́ náà ni nǹkan ti bàjẹ́. Wọ́n ní Fábíyìí ló ju ìwé kan kún un. Ó búra títí, kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́. Àwọn tó ń jọ dáko kò kí ara wọn mọ́. Nígbà tí ìdìbò ìjọba dé, èèyàn mọ́kànlá péré ló jáde ní gbogbo abúlé. Mo bi Wúràọlá tó ń ràn mí lọ́wọ́ ní ilé ìwòsàn pé kí ló dé tí kò fi lọ.

"Nọ́ọ̀sì, kí ni mo fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀?" ó ní. "Garawa tó wà lójú gbogbo wa purọ́ fún wa. Ṣé àpótí tí mi ò mọ ibi tí wọ́n ń gbé e lọ ni mo wá fẹ́ gbà gbọ́?"



Nígbà tí ó tó àkókò láti tún yan alága, Bánkẹ́ tún jáde. Òun ló dá àbá náà.

"Kò sí ìwé," ó ní. "Kò sí garawa. Kí kálukú dúró sẹ́yìn ẹni tó wù ú, kó sì fi ẹnu ara rẹ̀ pe nọ́ńbà tirẹ̀ jáde. Èèyàn la máa kà."

Fábíyìí gbà. Wọ́n ní èmi ni kí n darí ìdìbò náà, torí mi ò ní ẹbí kankan níbẹ̀.

Ọjọ́ Sátidé ni, ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ọgbà ilé ìwé la lò. Ògiri gíga ló yí i ká, ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ló sì ní. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ìwé tí mo ń kọ orúkọ sí, àti oògùn elésè àlùkò tí a fi ń pa ojú egbò. Bí ẹnì kan bá ti wọlé, mo máa kọ orúkọ rẹ̀, mo sì máa fi oògùn náà kun àtàǹpàkò rẹ̀. Gbogbo wọn ni mo mọ̀. Mo ti gba ẹ̀bí ọmọ àwọn kan, mo ti wẹ egbò àwọn mìíràn. Èèyàn mẹ́rìndínlọ́gọ́fà ló wọlé. Mo ti ìlẹ̀kùn, mo fi àgádágodo sí i, mo sì fi kọ́kọ́rọ́ sí àyà.

Yàtọ̀ sí àwọn yẹn àti èmi, Bàbá Akínyọdé nìkan ló wà nínú ọgbà náà, kò sì dìbò. Òun ló dàgbà jù ní abúlé náà, ojú rẹ̀ méjèèjì sì ti fọ́. Ó jókòó tì mí gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí.

Wọ́n tò. Ìlà méjì. Fábíyìí wà níwájú ọ̀kan, Bánkẹ́ wà níwájú èkejì. Afẹ́fẹ́ kò fẹ́. Ẹ̀rọ ẹ̀gẹ́ kò dún. Mi ò tíì gbọ́ kí abúlé náà dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ìlà Fábíyìí ló kọ́kọ́ kà. "Ení." "Èjì." "Ẹ̀ta." Ó ń lọ sẹ́yìn láti ẹnu dé ẹnu. Ẹni tó kẹ́yìn pe èjìdínlọ́gọ́ta. Mo kọ ọ́.

Ó kan ìlà Bánkẹ́. "Ení." "Èjì." Wúràọlá ló kẹ́yìn níbẹ̀.

"Èjìdínlọ́gọ́ta," ó ní.

Ọ̀mì ni. Mo gbé bírò láti kọ ọ́.

"Ọ̀kàndínlọ́gọ́ta."

Ohùn náà kò le. Bí ohùn ẹni tí ó ti ń dúró de kí ó kàn án ni. Ẹ̀yìn Wúràọlá ló ti wá.

Mo wo ẹ̀yìn Wúràọlá. Iyanrìn ni. Lẹ́yìn iyanrìn, ògiri. Alángbá kan tó ti ń mi orí lórí ògiri náà kò mì ín mọ́.

"Ta nìyẹn?" Fábíyìí béèrè.

Lẹ́yìn náà ni ariwo bẹ́. "Èrú!" "Wọ́n tún ti dé!" Mo rí i tí àwọn ọkùnrin kan ń ká apá aṣọ. Mo mọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀. Èmi náà ni màá rán ojú ọgbẹ́ tó bá ti ibẹ̀ wá. Mo pariwo mọ́ wọn pé kí gbogbo wọn dúró sí ààyè wọn, mo sì ń pe orúkọ. Ẹni tí mo bá pè á gbé àtàǹpàkò sókè. Gbogbo wọn dáhùn. Mẹ́rìndínlọ́gọ́fà. Kò sí àjèjì, kò sí ẹni tó fara pamọ́.

"Ẹ tún un kà," Fábíyìí ní. "Láti ẹ̀yìn ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀."

Ó kúrò níwájú ìlà tirẹ̀, ó wá dúró sí ẹ̀gbẹ́ Wúràọlá gan-an kí ó lè rí ẹnu rẹ̀. Wúràọlá gbé orí sókè. Ó la ẹnu.

"Ení," ohùn náà wí.

Èjìká Wúràọlá ta. Ẹnu rẹ̀ ṣì là síbẹ̀. "Èjì," ó ní.

Nígbà tí mo bi í lẹ́yìn náà, ó ní kì í ṣe ẹ̀rù ló mú òun sọ ọ́. Ó ní ó dà bí ìgbà tí èèyàn na ẹrù sí yín, tí ẹ sì gbà á kí ẹ tó rò ó.

Nọ́ńbà ń bọ̀ níwájú. Wọ́n ń pè é jẹ́jẹ́ báyìí, bí ìgbà tí ọmọ bá ń sùn nínú ilé. Ó dé ọ̀dọ̀ Bánkẹ́.

"Ọ̀kàndínlọ́gọ́ta," Bánkẹ́ ní. Ó yíjú sí mi. "Nọ́ọ̀sì, ẹ má kọ ọ́. Mi ò fẹ́ ìbò tí mi ò mọ ẹni tó ni ín."

Bàbá Akínyọdé dìde.

"Ẹ mú mi lọ síbẹ̀," ó ní.

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó ń fọwọ́ kan èjìká wọn lọ́kọ̀ọ̀kan láti iwájú, ó ń kà á. Ó mọ gbogbo wọn. Ó ń dárúkọ àwọn mìíràn bó ṣe ń lọ. Ó dé ọ̀dọ̀ Wúràọlá, ó ní èjìdínlọ́gọ́ta. Ó gbé ẹsẹ̀ kan síwájú, ó sì na ọwọ́ sí òfìfo.

Ọwọ́ náà kò já wálẹ̀.

Ó dúró. Bí ọwọ́ ṣe ń dúró lórí nǹkan ló dúró, ní ìsàlẹ̀ díẹ̀, bí ẹni pé ẹni náà kò ga tó mi. Mo rí àwọn ìka rẹ̀ tí wọ́n rọra ń tẹ̀ ẹ́. Bàbá rẹ́rìn-ín. Ó sọ̀rọ̀ ní Rẹ́mọ ìjìnlẹ̀, ní ohùn kékeré, irú èyí tí àwa ará ìgboro kì í gbọ́ tán. Ìparí rẹ̀ nìkan ni mo mú. Ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni náà pé ó wá.

"Bàbá, ta ni?" mo béèrè.

"Ẹ̀yin lẹ lójú," ó ní. "Ẹ wò ó."

Fábíyìí bọ́ síwájú. Ọkùnrin gìrìwò ni. Ó na ọwọ́ sí ibi tí ọwọ́ Bàbá wà. Kíá ló fà á padà. Ó ṣí àtẹ́lẹwọ́, ó ń wò ó. Èmi náà wò ó. Àmì elésè àlùkò kan wà láàárín rẹ̀. Àmì àtàǹpàkò ni, ó kéré, ó ṣì tutù. Ìgò oògùn náà wà nínú àpò mi. Mo fọwọ́ kàn án. Ó dé pinpin.

"Ọdún méjì," Fábíyìí ní. "Ọdún méjì ni mo fi búra fún yín pé èmi kọ́. Ìbò kan ló lé nígbà yẹn, ẹ ní mo jalè. Ìbò kan ló tún lé lónìí. Èwo ni mo ṣe nínú ti òní?"



Ó yíjú sí òfìfo náà. "Ṣé ìwọ náà ni nígbà yẹn?"

A dúró. A ò gbọ́ nǹkan kan.

"Kò burú," Fábíyìí ní. "Bí ó bá jẹ́ òun ni, a jẹ́ pé ó ti yí ọkàn padà. Èmi náà sì mọ ìdí. Àwọn ọmọ Òkè ń mu omi odò." Ó bọ́ kọ́kọ́rọ́ ẹ̀rọ omi kúrò lọ́rùn, ó nà án sí Bánkẹ́. "Nọ́ọ̀sì, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀kàndínlọ́gọ́ta."

Bánkẹ́ kò tètè gbà á. Ó wo Bàbá Akínyọdé, ó wo ìlà tirẹ̀, ó tún wo ibi tí kò sí ẹnikẹ́ni. Nígbà tó yá, ó kúnlẹ̀, ó gbà á.

"Màá gé ìkejì rẹ̀ ní Ṣàgámù," ó ní. "Ti yín nìyẹn. A jọ máa ṣí i ni, ẹ̀gbọ́n."

Mo ṣí ìlẹ̀kùn. Mo ń ka àwọn tó dìbò bí wọ́n ṣe ń jáde. Mẹ́rìndínlọ́gọ́fà. Mo tún di ìlẹ̀kùn náà mú díẹ̀, bí a ṣe ń dì í mú fún àgbàlagbà tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Mi ò mọ ìdí tí mo fi ṣe bẹ́ẹ̀. Nǹkan kan tutù kọjá lára apá mi. Mo wá ti ìlẹ̀kùn.

Láti ìgbà náà, àdúgbò méjèèjì ló ń pọn omi láàárọ̀. Mi ò rí ìgbẹ́ gbuuru tó ọdún kan báyìí. Àwọn tó ń jọ dáko ti padà sí oko. Ẹnì kan fi fóònù gba ohùn ọjọ́ náà sílẹ̀, ohùn náà sì wà níbẹ̀ ketekete. Wúràọlá ní obìnrin ni. Fábíyìí ní ọkùnrin ni. Ní tèmi, mi ò lè sọ.

Nígbà tí ìdìbò ìjọba tún dé, èèyàn tó lé ní àádọ́rùn-ún ló jáde. Mo rí Wúràọlá lórí ìlà, ó wọ bàtà tuntun.

"O ti wá gbà wọ́n gbọ́?" mo bi í.

"Rárá o," ó ní, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí tèmi wà níbẹ̀."

Ní oṣù tó kọjá, wọ́n ṣe ìpàdé láti mú ọjọ́ tí wọ́n máa ro ojú ọ̀nà. Ọ̀sán ni, oòrùn ń ràn wọlé, àwọn èèyàn ń ṣàwàdà. Bánkẹ́ ní kí ẹni tó bá fẹ́ Sátidé na ọwọ́ sókè, kí n bá wọn kà á. Mo jókòó sí ẹ̀yìn pátápátá, mo fẹ̀yìn ti ògiri. Mo kà á.

"Nọ́ọ̀sì, mélòó?"

"Mọ́kànlélógójì," mo ní.

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín jẹ́jẹ́ lẹ́yìn mi, bí ẹni tí ara tù, ó sì pe nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e.

Mi ò wẹ̀yìn. Mo sọ fún Bánkẹ́ pé mo ṣì í kà, pé méjìlélógójì ni. Ó mi orí, ó kọ ọ́ sílẹ̀, a sì bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn.