Ìwé Síkáànì Tí Iyìolúwa Fi Pamọ́

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ àdúgbò yìí. Ẹ tẹ́ ẹní kún ẹní. Móínmóín ṣì wà lórí iná, kò sì ní jinná kí ìtàn mi tó parí. Ẹni tó bá ní etí méjì, kó gbé méjèèjì wá.

Orí àpótí yìí gan-an ni Iyìolúwa, ọmọ ọmọ mi, jókòó sí lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, lọ́dún méjì sẹ́yìn. Aṣọ ilé ìwé ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ tẹ ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún. Ó ní, "Màmá Ìgàndó, Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n máa la inú mi." Mo ní mo mọ̀, ìyá rẹ̀ ti sọ fún mi. Ló bá bú sẹ́kún.

Ó ti pé oṣù mélòó kan tí inú ti ń run ọmọ náà, pàápàá tó bá jẹ ohun tí epo pọ̀ nínú rẹ̀. Wọ́n ṣe síkáànì fún un ní Ìkọ̀tún, wọ́n ní àpò òróòro rẹ̀ ti súnkì, òkúta sì kún inú rẹ̀. Ẹ mọ àpò òróòro, àbí? Àpò kékeré aláwọ̀ ewé tí à ń yọ jẹ́jẹ́ lára ẹ̀dọ̀ adìẹ, kó má bàa bẹ́ kó sọ ọbẹ̀ di kíkorò. Ènìyàn náà ní in. Dókítà Báyọ̀dé, tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ náà, ní kí ó tún lọ ṣe síkáànì mìíràn kí ọjọ́ tó pé.

Ìyànà Ìpájà ló dá lọ fún èkejì. Obìnrin tó ń ṣe síkáànì wá àpò náà títí, kò rí i. Ó ní, "Ìgbà wo ni wọ́n yọ ọ́?" Ọmọ ní wọn ò yọ nǹkan kan lára òun rí. Obìnrin náà na ìka sí àpá tó wà níkùn rẹ̀. "Kí wá ni èyí jàre? Lọ bi àwọn tó tọ́ ẹ." Ó sì kọ ọ́ síwèé pé wọ́n ti yọ ọ́.

Èmi ni mo mọ ìtàn àpá yẹn. Háà, ẹ ò bá Ìgàndó ìgbà yẹn! Kò sí ṣọ́ọ̀bù kankan níwájú ilé yìí. Igi mángòrò kan ló wà níbẹ̀, ilé ẹyẹlé mi sì dúró lórí òpó mẹ́rin lábẹ́ rẹ̀. Adébùnmí, ìyá Iyìolúwa, ìyàwó ọmọ mi, ń kàwé l'Ábẹ́òkúta, ọmọ sì wà lọ́wọ́ mi. Láràárọ̀, a ó da àgbàdo sílẹ̀, a ó máa kọrin:

Ẹyẹlé mi, fò wálé,
Àgbàdo ń bẹ nínú igbá.
Ẹyẹlé mi, fò wálé,
Ẹni tó fẹ́ ọ ló ń pè ọ́.

Lọ́jọ́ kan, Iyìolúwa gun àkàbà láti wo ẹyin wọn, ó já bọ́, ìṣó sì fà á níkùn ya. Ilé ìwòsàn kékeré kan la gbé e lọ, wọ́n rán an. Adébùnmí kò bá mi jà, ṣùgbọ́n ó gbé ọmọ rẹ̀ lọ, ẹ̀rín òun pẹ̀lú mi kò sì dé ọkàn mọ́.

Ohun tó wá ń ba Iyìolúwa lẹ́rù nìyẹn. Bí ìyá òun bá rí ìwé kejì, yóò ní wọ́n yọ ẹ̀yà ara ọmọ òun lọ́jọ́ yẹn, Màmá sì mọ̀ sí i. Ó bá ká ìwé náà sínú Bíbélì rẹ̀, ó sọ fún ìyá rẹ̀ àti dókítà pé bí ti àkọ́kọ́ ṣe rí ni ti èkejì rí. Nítorí mi ló ṣe purọ́, ẹ̀yin ọmọ.

Ó fa ìwé náà yọ níwájú mi. "Màmá, ṣé wọ́n yọ nǹkan lára mi ni?"

Mo ní wọn ò yọ nǹkan kan. Mo gbójú sókè sí ibi tí ilé ẹyẹlé mi wà rí, ọ̀rọ̀ kan sì sọ sí mi lọ́kàn. Mo wé gèlè. Mo ní kó dìde, a ń lọ bá ìyá rẹ̀. Ó ní wọ́n máa bá mi jà. Mo ní, "Kí wọ́n bá mi jà. Ìjà kì í la ikùn ọmọ."

Adébùnmí ka ìwé náà tán. Ó ní, "Mọ́mì, kí ni wọ́n ṣe fún ọmọ mi nílé ìwòsàn yẹn?"

"Awọ ara rẹ̀ nìkan ni wọ́n rán, ìyàwó mi. Orí ẹsẹ̀ mi ló wà títí wọ́n fi parí."

Ó ní ó di iwájú dókítà. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ bá dókítà. Ó tẹ́ ìwé méjèèjì sórí tábìlì: ọ̀kan ní òkúta kún àpò, èkejì ní kò sí àpò. Ó bá ọmọ wí díẹ̀, ó sì ń ronú. Mo ní, "Dókítà, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín o. Mo ti pa ẹyẹlé tí n kò lè ka iye rẹ̀. Adìẹ ní àpò òróòro, ẹyẹlé kò ní, ó sì ń jẹ, ó ń fò. Ṣé wọn ò lè bí ọmọ ènìyàn bẹ́ẹ̀?"

Kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé bírò sílẹ̀. "Màmá, ó ṣọ̀wọ́n gan-an. Ṣùgbọ́n wọ́n ń bí wọn bẹ́ẹ̀."

Ó wọ́gi lé iṣẹ́ abẹ náà, ó ní kí a lọ sídìí ẹ̀rọ ńlá tó ń ya àwòrán inú ara. Àbájáde dé: kò sí àpò òróòro, kò sí ojú ọ̀bẹ nínú. Bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn. Ìfun ló ṣe òjìji tí wọ́n pè ní òkúta. Ọ̀nà tí òróòro ń gbà kọjá ló máa ń fún pọ̀ tó ń dá ìrora sílẹ̀. Oògùn oníhóró àti oúnjẹ tí epo rẹ̀ mọ níwọ̀n ni dókítà sì fi tọ́jú rẹ̀. Dókítà ní ká ní òun la ikùn náà ni, ibi tí òun ti ń wá ohun tí kò sí, òun lè gé ohun tí kò yẹ ní gígé.

Iyìolúwa ṣe ìdánwò WAEC rẹ̀, ó yege. Lọ́jọ́ tí àbájáde dé, Adébùnmí dì mí lọ́wọ́ mú lójú ọ̀nà. Ó ní, "Mọ́mì, ó ti pẹ́ tí mo ti ń bínú sí yín. Ẹ forí jì mí." Orin ẹyẹlé ni mo fi dá a lóhùn. Kò mọ̀ ọ́n, ọmọ rẹ̀ ló kọ́ ọ.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ di èyí mú: ẹ má fi òtítọ́ pamọ́ fún dókítà àti òbí yín, kódà bó jẹ́ ìfẹ́ ló ń mú yín ṣe é. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Èmi mọ ẹyẹlé, dókítà mọ ènìyàn, ṣùgbọ́n ọgbọ́n wa ò lè pàdé nígbà tí ìwé wà nínú Bíbélì.

Òórùn ewé yìí ti sọ pé móínmóín jinná. Iyìolúwa, bù ú fún wọn, ìwọ tí mo dín epo tìrẹ kù. Ẹ jẹun, ẹ yó, kí kálukú mú ẹyọ kan dání fún ìyá rẹ̀. Ẹ máa kọrin ẹyẹlé yẹn relé, kí n máa gbọ́ yín títí dé ìsàlẹ̀ àdúgbò.