Ọ̀pá Aláṣọ Pupa Tó Dá Ìjà Sílẹ̀ Lójú Odò

Ẹni tó bá mọ Ìyá Godspower ní abúlé wọn, tí kò jìnnà sí Zion Pepe létí òkun, mọ̀ pé kò sí ohun tó ń dẹ́rù bà á lórí omi. Ó ti rí ìjì, ọkọ̀ ti dojú dé mọ́ ọn lórí rí. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, bó ṣe ń tukọ̀ lọ wo ìgèrè tó dẹ sí odò kékeré ẹ̀yìn ilé, ó rí ọ̀pá mẹ́rin tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ lẹ́nu odò náà. Aṣọ pupa wà lórí ìkọ̀ọ̀kan wọn. Kò dé ìdí ìgèrè mọ́ tó fi yí ọkọ̀ padà.

"Godspower! Godspower o! Wọ́n ti dé!"

Godspower, ọmọ rẹ̀, ń tún àwọ̀n ṣe lórí afárá pákó iwájú ilé. "Àwọn ta ni, Màámi?"

"Àwọn ará kọ́ńpìnnì! Wọ́n ti sàmì sí odò wa!"

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Níbi tí epo rọ̀bì bá wà, ọ̀pá aláṣọ pupa nínú omi kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Àwọn tó ń wọnlẹ̀ fún iléeṣẹ́ epo ló sábà máa ń rì í. Nígbà tí irú rẹ̀ yọ lódò kejì lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, kò pẹ́ tí ẹ̀rọ ńlá fi wá gbẹ́ odò náà. Omi iyọ̀ wọlé, ẹja sì ṣí lọ. Ìyá Godspower ò tíì gbàgbé.

Godspower ni olórí àwọn ọ̀dọ́ apẹja. Ó pe àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ, ó ní, "Tí wọ́n bá máa gba odò yìí lọ́wọ́ wa, wọn ò ní bá igi kankan níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká gé gbogbo ẹ̀gbà inú rẹ̀ kí wọ́n tó dé. Ó kéré tán, àwọn ìyá wa á rí igi fi yan ẹja."

Ọ̀rọ̀ náà jọ ọgbọ́n létí gbogbo wọn. Ẹ̀gbà ni igi etí omi tí gbòǹgbò rẹ̀ máa ń yọ síta bí ẹsẹ̀ akàn. Àwọn ìyá tó ń yan ẹja fẹ́ràn rẹ̀ gan-an torí iná rẹ̀ kì í tètè kú. Ọkọ̀ mẹ́ta wọ inú odò. Kí oòrùn tó kan àtàrí, apá kan odò náà ti di gbangba.

Ẹ wá gbọ́ o. Ọ̀pá yẹn kì í ṣe ti iléeṣẹ́ epo kankan. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan láti yunifásítì, Dókítà Kòfowórọlá, ló rì í. Inú odò náà ni ọmọ edé àti ọmọ ẹja ti ń dàgbà, ó sì fẹ́ sàmì sí i kí ẹnikẹ́ni má baà gé ẹ̀gbà ibẹ̀. Ó rì í tán, kò bá ẹnì kan sọ̀rọ̀. Àwa tí à ń sọ ìtàn yìí, àjọ tó ń dáàbò bo odò, àwa la rán an. Àwa náà ò rántí pé odò ní onílé, ojú ń tì wá.

Ní nǹkan bí aago méjìlá, ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì tó gbé Dókítà wọ inú odò. Ọlárìndé, awakọ̀ rẹ̀ tó mọ Godspower dáadáa, ló kọ́kọ́ rí àwọn igi tó wó sílẹ̀. Dókítà dìde dúró nínú ọkọ̀.

"Yéè! Ta ló ṣe èyí?"

Kí Ọlárìndé tó yí ọkọ̀ padà, ọkọ̀ mẹ́ta ti yí wọn ká.

"Ṣé ìwọ lo ni ọ̀pá yẹn?" Godspower bi í. Àdá wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Èmi ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Iṣẹ́ ìwádìí la wá ṣe." Dókítà jókòó, ó tẹ́ ìwé gbàgàdà kan sórí itan. Àwòrán odò náà ni, ìlà pupa sì gba àárín rẹ̀ kọjá.

Ìwé yẹn ló ba gbogbo nǹkan jẹ́.

"Ẹ wò ó! Màápù kọ́ńpìnnì nìyẹn!" Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ náà sọ àdá mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ wọn. Pákó là, omi sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé.

"Mi ò mọ odò wẹ̀ o!" Dókítà ké.

Ọlárìndé ti mú ike, ó ń gbọ́n omi dànù. "Godspower, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́! Jẹ́ ká dé èbúté ná!"

"Kò ní lọ. Ibí ló máa wà títí ọ̀gá rẹ̀ á fi wá bá wa."

Omi ti dé kókósẹ̀ Dókítà nígbà tí Happiness já sí wọn pẹ̀lú ọkọ̀ àjẹ̀ rẹ̀. Ayàwòrán ni Happiness. Ọwọ́ rẹ̀ ló ń kun orúkọ àti àdúrà sára ọkọ̀ gbogbo ará abúlé náà, ọ̀dà sì ṣì wà ní gbogbo ìka rẹ̀. Igbe ló gbọ́ tó fi fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó di ọkọ̀ Dókítà mú, ó ní kó bọ́ sínú tòun. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí Godspower.

"Tó o bá fẹ́ rì í, wàá rì mí mọ́ ọn."

Dókítà bọ́ sínú ọkọ̀ Happiness, Ọlárìndé sì ń gbọ́n omi lọ. Happiness yíjú sí obìnrin náà. "Antí, ẹ ká ìwé yẹn. Èmi náà ò mọ ohun tó ń sọ. Ohun tí ẹ rí nínú odò wa, òun ni kẹ́ ẹ fi hàn mí."

Dókítà mú asẹ́ kékeré kan, ó fi fa omi lẹ́sẹ̀ ẹ̀gbà kan tí wọn ò tíì gé, ó sì gbọ̀n ọ́n sínú abọ́ funfun.

Godspower na ọrùn. "Ìdọ̀tí ni mo rí."

Dókítà fún Happiness ní awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá. Happiness wò ó títí. Ó fa búrọ́ọ̀ṣì àti ọ̀dà dúdú yọ nínú ọkọ̀ rẹ̀, ó tẹ̀ síwájú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya ohun tó rí sára ọkọ̀ Godspower gan-an: ojú méjì tó yọ síta, ẹsẹ̀ wínníwínní, ìrù tó ká kò.

Ìyá Godspower, tí ariwo ti gbé débẹ̀, ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. "Edé ni! Godspower, ọmọ edé ni! Ìrù rẹ̀ nìyẹn!"

"Wọ́n ju ogójì lọ nínú abọ́ kan péré," Dókítà sọ.

"Ẹ fa ti ibẹ̀ yẹn náà," Happiness ní, ó nawọ́ sí ibi tí wọ́n ti gé igi.

Dókítà fà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹrẹ̀ nìkan ló bá a wá. Happiness gbé búrọ́ọ̀ṣì dání, ó wo abọ́, ó wo àwọn ọ̀dọ́ náà. "Kò sí ohun tí màá yà."

Ìyá Godspower ló bèèrè pé, "Àwọn tó wà níbẹ̀ ńkọ́?"

"Ìdí gbòǹgbò ni wọ́n máa ń sá sí tí ẹja ńlá bá ń lé wọn, Màmá. Ní báyìí, wọn ò níbi tí wọ́n á sá sí mọ́."

"Ọdún mélòó ni igi náà á fi hù padà?"

"Ó lè tó ọdún mẹ́wàá. Ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Godspower ju àdá sílẹ̀ nínú ọkọ̀. "Èmi ni mo ní kí wọ́n gé e," ó wí. "Ẹ má bínú, Antí."

"Ẹ̀yin ló yẹ kí n bẹ̀," Dókítà dáhùn. "Ilé yín ló yẹ kí n kọ́kọ́ yà."

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, wọ́n ti tú aṣọ pupa kúrò. Dókítà ń ka ẹsẹ̀ edé, Happiness ń yà á sórí pákó mẹ́rin: edé àti ọmọ rẹ̀ láàárín gbòǹgbò, àti àdá tí wọ́n fi ìlà pa rẹ́. Dókítà fẹ́ kí wọ́n kọ gírámà díẹ̀ sábẹ̀, Happiness ní òun ò gbọ́. Godspower àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló rì àwọn pákó náà mọ́lẹ̀ lẹ́nu odò. Wọ́n gbin ọmọ ẹ̀gbà síbi tí wọ́n gé, ìgbì gbé ìdajì lọ, wọ́n tún òmíràn gbìn.

Ẹ̀yin ará wa létí omi, tí ẹ bá rí àmì tí ẹ ò mọ̀ lójú odò, ẹ lọ bá baálẹ̀ tàbí olórí àdúgbò, kó bá yín wá ẹni tó ni ín. Ẹ má kọlu ẹnikẹ́ni, ẹ má sì fi ìbínú ba ohun tó ń bọ́ yín jẹ́. Ẹ má gé ẹ̀gbà tútù fi dáná. Ọmọ edé ọdún tó ń bọ̀ lẹ ń fi dáná yẹn.

Ẹ̀yin onímọ̀ àti ẹ̀yin òṣìṣẹ́ àjọ, ọ̀rọ̀ kàn yín. Ẹ tọ onílé lọ kí ẹ tó rì ọ̀pá. Ẹ wá ayàwòrán ibẹ̀, ẹ wá akọrin ibẹ̀, kí ẹ jọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ pọ̀, ẹ má dúró dìgbà tí omi bá wọ ọkọ̀. Ohun tí ìmọ̀ yín rí, ọwọ́ wọn ló máa jẹ́ kí ará ìlú rí i.

Ìdajì ọjọ́ ni wọ́n fi gé ẹ̀gbà yẹn. Ìyá Godspower ti lé ní àádọ́rin ọdún, ó sì sọ fún wa pé kò dá òun lójú pé òun á fojú rí i nígbà tó bá hù tán.