Ẹ̀rí Ìṣẹ́jú Mẹ́ta

Gbin! Bẹ́ẹ̀ ni agogo kékeré orí tábìlì yẹn ṣe máa ń dún. Ó ti lé lógójì ọdún tí mo ti kúrò nílùú náà. Mo ti gbàgbé bí púpọ̀ nínú òpópónà rẹ̀ ṣe rí, ṣùgbọ́n bí mo bá dákẹ́ jẹ́ẹ́, mo ṣì ń gbọ́ agogo yẹn.

Nọ́ọ̀sì ló ń tẹ̀ ẹ́. Ìjọ wa fẹ́ rán ènìyàn mẹ́sàn-án lọ sí àwọn abúlé kan lẹ́yìn òkè, fún ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré, kí wọ́n tọ́jú aláìsàn, kí wọ́n tún pọ́ǹpù omi ṣe, kí wọ́n sì wàásù. Ẹni tó bá ń lọ gbọ́dọ̀ lè dìde sọ ohun tí Ọlọ́run ṣe fún un láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, a máa ń dánra wò nínú gbọ̀ngàn ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Nọ́ọ̀sì, tí òun náà ń bá wọn lọ, á jókòó síwájú, aago ọwọ́ rẹ̀ lápá kan, agogo lápá kejì. Bí àkókò bá ti pé, gbin! Kódà kó jẹ́ pé àdúrà lo wà lẹ́nu rẹ̀, wàá panu dé.

Iṣẹ́ pọ́ǹpù ni mo ń ṣe. Páìpù ni gbogbo ayé ń pè mí. Pásítọ̀ ló bẹ̀ mí pé kí n bá wọn lọ, nítorí àwọn pọ́ǹpù ọ̀hún ti kú tipẹ́. Mo ti fẹ́ sọ pé rárá, àfi ìgbà tí mo yọjú sí gbọ̀ngàn tí mo rí ẹni tó ń tẹ agogo.

"Pásítọ̀," mo ní, "ẹ kọ orúkọ mi sílẹ̀."

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tó kàn mí, mo dìde, mo sọ̀rọ̀ lórí awọ tó máa ń wà nínú pọ́ǹpù, bó ṣe ń gbó, bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ rẹ̀. Gbin!

"Ẹ̀gbọ́n Páìpù," Nọ́ọ̀sì ní, ojú rẹ̀ le koko, "ìṣẹ́jú mẹ́ta yín ti pé, Jésù ò tíì dé."

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Níbi tí wọ́n ti ń fi mí rẹ́rìn-ín yẹn ni ìfẹ́ rẹ̀ ti kó sí mi lórí.

Lọ́sẹ̀ kejì, mo mú ẹ̀rí gidi wá. Mo ní nígbà tí mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, etí kànga kan ya lé mi lórí. Mo há sísàlẹ̀ láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, omi dé mi láyà. Mo ké pe Ọlọ́run, ó sì rán àwọn obìnrin kan tó ń kọjá lọ pé kí wọ́n fà mí yọ. Nígbà tí mo parí, Nọ́ọ̀sì ń nu ojú.

Kànga yẹn wà lóòótọ́. Ẹni tó jìn sínú rẹ̀ ni kì í ṣe èmi. Kúkúrú ọ̀rẹ́ mi ni, tí a jọ kọ́ṣẹ́. Èmi ni mo di okùn mú lókè.

Láti ọjọ́ náà ni Nọ́ọ̀sì ti ní kí n máa wá bá òun di oògùn sínú páálí. "Ẹ̀gbọ́n Páìpù" di "Páìpù," "Páìpù" di "Páìpù mi."

"Ṣé ẹ̀rù bà ọ́ nísàlẹ̀ yẹn?" ó bi mí lọ́jọ́ kan, ó ń lẹ ìwé mọ́ ìgò oògùn ojú.

"Ó bà mí."

"Kí lo ń rò?"

Mo ń to ìgò sínú páálí. N kò mọ ohun tí Kúkúrú rò. N kò bi í léèrè rí.

"Bí kò bá ṣeé sọ, fi sílẹ̀." Ó gbé ọwọ́ lé ọwọ́ mi. "Olólùfẹ́ mi, ó ti kọjá."

Ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ bí òwú, ṣùgbọ́n ó wúwo lórí tèmi ju páìpù irin lọ.

Bàbá rẹ̀, Tíṣà Àgbà, ti lé ọkùnrin mẹ́ta kúrò lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ kí n tó dé. Ó wò mí láti orí dé bàtà. "Èmi kì bá ti fi ọmọ mi fún oníṣẹ́ pọ́ǹpù," ó ní. "Ṣùgbọ́n ẹni tí Ọlọ́run fúnra rẹ̀ fà yọ nínú kànga, ta ni èmi tí n óò tì í padà? Bí ẹ bá ti dé láti ìrìn àjò, kí ẹ ṣe ìgbéyàwó."

Mo ń fò délé. Ìyá mi ń ká aṣọ lórí ibùsùn.

"Páìpù."

Bí ìyá mi bá pè mí ní Páìpù, ọ̀ràn ti dé.

"Mo gbọ́ ẹ̀rí rẹ lẹ́nu àwọn ará ìjọ. Ó dùn. Kànga wo lo jìn sí, tí èmi tí mò ń fọ aṣọ rẹ nígbà náà ò rí ẹrẹ̀?"

"Mọ́mì..."

"Kúkúrú ni mo mọ̀ tó jìn sí kànga. Ṣé ẹ jọ jìn sí i ni, àbí ńṣe lo yá a lọ́wọ́ rẹ̀?"

"Ẹ jọ̀ọ́, mà. Bí mo bá sọ ọ́, wọn ò ní fún mi lọ́mọ wọn mọ́."

"Èmi ò bí ọmọ tó ń jí ẹ̀rí." Ó ká aṣọ kan, ó tú u, ó tún un ká. "Mo ti ránṣẹ́ pe Kúkúrú. Ó ń bọ̀ níbi ìsìn ìdágbére yín lọ́jọ́ Àìkú. Bí o ò bá ní ohun tí wàá sọ, wàá ní ẹni tí wàá wò lójú."

Lọ́jọ́ Àìkú, Kúkúrú ká mi mọ́ ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì.

"Ẹni inú kànga!" ó kí mi, ó ń rẹ́rìn-ín. "Báwo ni omi?"

"Kúkúrú, ṣé wàá sọ fún wọn?"

"Èmi kẹ̀? Ìwọ lo ni ẹnu rẹ. Ẹ̀rí tèmi ṣì wà lọ́wọ́ mi, kò dín." Lójijì, ẹ̀rín náà kúrò lójú rẹ̀. "Nǹkan kan ṣoṣo ni mo fẹ́ mọ̀, ọdún kẹfà rèé. Ṣé okùn yẹn já ni, àbí o jù ú sílẹ̀?"

Wọ́n ti ń pe orúkọ mi nínú.

Mo dìde síwájú ìjọ. Tíṣà Àgbà wà níwájú, ó ń mi orí sí mi bí àna sí àna. Nọ́ọ̀sì wà nídìí agogo.

"Okùn kò já," mo ní.

Kúkúrú nìkan ni ọ̀rọ̀ náà yé. Mo wá là á fún àwọn yòókù. Mo ní èmi kọ́ ni mo wà nísàlẹ̀. Ilẹ̀ ń ya lábẹ́ ẹsẹ̀ mi lókè, ẹ̀rù bà mí, mo ju okùn sílẹ̀, mo sá. Mo sá dé abẹ́ afárá, mo jókòó síbẹ̀ di ìrọ̀lẹ́, mo wá padà, mo ní mo lọ wá ẹni tí yóò ràn wá lọ́wọ́ ni.

Gbin! Nọ́ọ̀sì ò wò mí, ṣùgbọ́n ó tẹ̀ ẹ́. N kò dákẹ́.

"Mo kọ́kọ́ fi ọ̀rẹ́ mi sílẹ̀, mo tún wá jí ìyà tó jẹ. Ẹ̀rí mi nìyí. Ọlọ́run ò tíì fà mí yọ. Òní ni mò ń ké pè é."

Tíṣà Àgbà dìde. "Ẹni tó lè ju okùn sílẹ̀," ó ní, "n kò lè fi ọmọ mi lé e lọ́wọ́. Ọmọ mi kò sì ní bá a wọ bọ́ọ̀sì kan náà." Ó gba àárín ìjọ jáde.

Kúkúrú fọwọ́ tẹ̀ mí léjìká. "Ó tó," ó ní. "Mo ti gbọ́."

Mo ní kí Pásítọ̀ yọ orúkọ mi kúrò. Ó ní, "Ìṣẹ́gun, aago méje àárọ̀. Pọ́ǹpù wọ̀nyẹn ò tíì sàn."

Láàárọ̀ Ìṣẹ́gun, Nọ́ọ̀sì wá fi ìwé oògùn lé Pásítọ̀ lọ́wọ́. Mo sọ̀kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì lọ bá a.

"Ṣé o ń bínú sí mi?"

"N kò mọ ibi tí ìbínú náà parí sí. Mo sunkún nítorí kànga tí o kò jìn sí!"

"Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ. Ìyẹn kì í ṣe irọ́."

"Mo mọ̀. Ohun tó ń dùn mí gan-an nìyẹn. Èmi lo tẹ̀ lé, kì í ṣe Ẹni tó rán wa." Ó yíjú kúrò. "Bí o bá mọ ohun tí o lọ ṣe níbẹ̀, kọ̀wé sí mi. Bó bá jẹ́ pé èmi ni ìwé náà dá lé, má fi ránṣẹ́."

Láàárín ọjọ́ márùn-ún, mo kọ ìwé mẹ́ta. Òun ni gbogbo wọn dá lé. Mo ya wọ́n.

Ní abúlé kẹrin, àwọn ènìyàn yí mi ká bí mo ṣe ń fa páìpù jáde. Wọ́n ní ta ni mí. Ìtàn kan ṣoṣo tó kù fún mi ni mo sọ fún wọn, bó ṣe rí gan-an. Ọkùnrin kan dìde, ó bá tirẹ̀ lọ. Mo ní ó tán, mo ti ba iṣẹ́ Pásítọ̀ jẹ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó padà wá lóun nìkan. Ó ní òun náà fi àbúrò òun sílẹ̀ nínú iná nígbà kan, òun ò sì sọ ọ́ lójú ẹnikẹ́ni rí. A kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, àwa méjèèjì, a sunkún, a gbàdúrà. Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn mìíràn ń wá lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni mo tó rántí pé n kò tíì ronú kan Nọ́ọ̀sì láti àárọ̀. Jìnnìjìnnì bá mi. Lẹ́yìn náà ni ara mi wá balẹ̀.

Lọ́jọ́ tí bọ́ọ̀sì ń padà, mo fi ìwé kan rán Pásítọ̀ sí Nọ́ọ̀sì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, ẹnikẹ́ni kò fèsì. Lọ́jọ́ kan ni ọkọ̀ akẹ́rù kan dúró lẹ́bàá pọ́ǹpù tí mo ń tún ṣe, Nọ́ọ̀sì bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àpótí rẹ̀. Tíṣà Àgbà bọ́ sílẹ̀ tẹ̀ lé e, eruku bò ó títí dé ìpéǹpéjú. Kò kí mi. Ó na ìwé kan sí mi.

"Ṣé ìwọ lo kọ èyí?"

"Èmi ni, sà."

"Kà á kí n gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ."

Lẹ́yìn oṣù méjì, ọmọ tó ní òun kò lè fi lé mi lọ́wọ́, òun fúnra rẹ̀ ló fi lé mi lọ́wọ́ níbi ìgbéyàwó wa. Ohun tí mo kà fún un lójú ọ̀nà eléruku yẹn nìyí:

"Nọ́ọ̀sì, bọ́ọ̀sì ń padà bọ̀, n kò sí nínú rẹ̀. Pọ́ǹpù mẹ́rin ti ń ṣiṣẹ́, mẹ́tàdínlógún ṣì kù. Bí mo bá ń ṣiṣẹ́, àwọn ènìyàn máa ń wá jókòó tì mí, wọ́n ń sọ ohun tí wọn kò lè sọ fún ẹni tí kò ṣubú rí. Mo rò pé ohun tí Ọlọ́run fẹ́ fi mí ṣe nìyí. Ilé ìwòsàn ibí ní ibùsùn méjì, kò ní nọ́ọ̀sì. Sọ fún bàbá rẹ pé òótọ́ ni gbogbo ohun tó sọ nípa mi, kó sì máa gbàdúrà fún mi. N kò pè ọ́. Mo kàn ń sọ ibi tí mo wà fún ọ ni."